Capablanca: Ìdí Ọpọ́n Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùkọ́ ilé-ìwé àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta chess sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. A fi í sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu, títí kan ìbéèrè tó yí i padà.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jókòó síwájú, mo kí gbogbo yín.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí José Raúl Capablanca, ọmọ Cuba tó gba oyè chess àgbáyé lọ́dún 1921. Ṣùgbọ́n inú ayò ni màá ti gbà wọlé, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ilé tí wọn kò ti mọ ayò nínú gbọ̀ngàn yìí. Ọpọ́n kan, ojú méjìlá, ọmọ 48. Nígbà tí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ṣì wà lójú kọ̀ọ̀kan, ọ̀ta àti òpè fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Àwọn méjèèjì ń tú ọmọ, àwọn méjèèjì ń pa ẹnu. Ìgbà tí ọmọ bá ku bíi mẹ́wàá lórí ọpọ́n ni ọ̀rọ̀ máa ń hàn. Òpè ṣì ń wá ibi tí yóò ti jẹ. Ọ̀ta ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Ó ń fi ọmọ kan ṣoṣo rìn ní ojú kan, ojú kan, ó ń dúró de ìgbà tí ohun títa yóò tán lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ohun tí Capablanca fi borí gbogbo ayé nìyẹn. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: ìdí ọpọ́n ni kí a ti máa kọ́ ọmọ ní chess, nígbà tí nǹkan orí pátákó kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Màá tún un sọ. Màá tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fara dà á fún mi.

Havana ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, ọdún 1888. Ọdún 1886 ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Cuba. Nígbà tí ọmọ yìí ń rá kòrò, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lọ, tí wọ́n ń pè ní Lukumí lọ́hùn-ún, wà nínú ìlú kan náà. Wọ́n ń bọ Yemọja ní Regla, ní òdìkejì omi ibùdókọ̀ Havana. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọmọ sójà Spain ni Capablanca. Mo kàn fẹ́ kí àwọn ọmọdé tó wà níbí mọ̀ pé ìlú tó ti wá kò ṣàjèjì sí wa.

Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rin lòun nígbà tóun kọ́ eré náà, pé òun kàn jókòó ti bàbá òun tó ń ta á ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe wá ní jàǹbá. Gbogbo ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ló ń fà á yọ: "Àmútọ̀runwá ni!" Mo bá wọn jiyàn, n kò sì ní yéé bá wọn jiyàn. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní àmútọ̀runwá yìí kọ ìwé ìpìlẹ̀ kan jáde lọ́dún 1921, ọdún tó jọba gan-an, ohun tó sì fi ṣí ìwé náà ni bí a ṣe ń fi ọba àti rook kan, ẹyọ tó ń rìn tààrà lóròó tàbí níbùú, pa ọba tó dá wà. Òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú kọ́ ìparí eré ṣáájú ohun gbogbo, nítorí ìparí ṣeé kọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Síbẹ̀, ní ìlú yìí, mo ń rí olùkọ́ tó ń fi ìgbésẹ̀ ogún Sicilian, ọ̀nà kan tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, há ọmọ ọdún mẹ́jọ lórí. Ọmọ náà yóò ka ogún ìgbésẹ̀ bí ẹni ka oríkì, yóò jèrè pawn méjì, àwọn ọmọ ogun kékeré iwájú, kò sì ní lè parí eré. Ìwà ìkà ni. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe é wà níbí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lójú yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sáré mẹ́nu ba ìrìn rẹ̀. Lọ́dún 1901, nígbà tó ń wọ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ta pẹ̀lú Juan Corzo, ògbóǹtarìgì Cuba: ó borí nínú mẹ́rin, ó pàdánù mẹ́ta, wọ́n ta ọ̀mì mẹ́fà. Lọ́dún 1909 ó lu Frank Marshall ti Amẹ́ríkà ní mẹ́jọ sí ẹyọ kan, pẹ̀lú ọ̀mì 14. Lọ́dún 1911 wọ́n pè é sí San Sebastián ní Spain. Bernstein ní ọmọ kékeré tí kò tíì gba ìdíje ńlá kankan kò yẹ níbẹ̀. Bernstein yìí náà ni wọ́n fún un ní ìpele kìíní. Ó lù ú, ó sì gba ìdíje náà lọ. Láti oṣù kejì 1916 títí di oṣù kẹta 1924, ó ta eré 63 láìpàdánù ẹyọ kan: ó borí nínú 40, ó ta ọ̀mì 23. Àárín ìgbà yẹn ló gba oyè lọ́wọ́ Lasker, ẹni tó di oyè àgbáyé mú nígbà náà, ní Havana: ó jẹ mẹ́rin, ọ̀mì mẹ́wàá, Lasker kò jẹ nǹkan kan.

Ẹ wá wo ọwọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ gbé pátákó yín kalẹ̀. New York, 1924, Capablanca àti Tartakower, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá chess ìgbà náà. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 34, bí nǹkan ṣe wà rèé. Lẹ́tà ń sọ ìlà òró, nọ́mbà ń sọ ìlà ìbú. Funfun, tíí ṣe Capablanca: ọba ní f3, rook ní h7, pawn ní a4, c3, d4, f4, g5. Dúdú: ọba ní f8, rook ní c6, pawn ní a7, b6, c7, d5, f5. Pawn márùn-ún sí márùn-ún. Rook dúdú ti dojú kọ pawn c3, ó sì máa jẹ ẹ́. Kò sí ohun tó lè gbà á là.

Ta ló máa ta fún funfun? (Ẹnìkan níwájú ní kí wọ́n dá rook padà.) O ṣeun, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń bàjẹ́. Ojú wa wà lára pawn tó ń kú, a ó wá yọ rook kúrò ní h7, níbi tó ti ti ọba dúdú mọ́ ìlà ẹ̀yìn bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Bí o bá yọ èèkàn, ẹran á jáde.

Capablanca fi ọba sí g3. Rook dúdú jẹ c3, ó sì dojú kọ ọba funfun: ṣẹ́kì nìyẹn! Ọba lọ sí h4. Rook lọ sí f3. Pawn g gun g6. Rook jẹ f4, ṣẹ́kì lẹ́ẹ̀kejì. Pawn méjì ti lọ, tòun ti ṣẹ́kì méjèèjì. Ọba dé g5. Rook sá sí e4, níbi tí pawn d5 ti ń dáàbò bò ó. Pawn dúdú tó wà ní f5 wá jókòó síbẹ̀ lófẹ̀ẹ́, nítòsí ọba funfun. Ó jẹ ẹ́ bí? Kò jẹ ẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó fi ọba sí f6.

Ibí yìí ni kí ẹ ti dúró. Kí ló dé tí kò jẹ f5? Nítorí pawn ọ̀tá yẹn ni agbòòrùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní f5, rook dúdú kò lè gba ìlà f bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọba ní ṣẹ́kì láti ẹ̀yìn. Ọba tó wà ní f6 sì ti dí e7, f7 àti g7, nítorí náà bí rook bá ti kan h8, eré parí. Tartakower ní láti sá sí g8. Rook fún un ní ṣẹ́kì ní g7, ọba wọ h8, ìgbà yẹn ni Capablanca ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìkórè: ó jẹ c7, ó padà wá jẹ f5, ó jẹ a7, ó jẹ d5. Ní ìgbésẹ̀ 52 Tartakower gbà pé ó ti tán.

Nǹkan mẹ́ta ló kó jọ: rook tó há ọba mọ́ ìlà ẹ̀yìn, pawn tí ẹnikẹ́ni kò lè dí ní ìlà g, àti ọba tó ń rìn bí ọmọ ogun. Ó kà wọ́n, ó rí i pé mẹ́ta yìí ju pawn méjì lọ. Ọba, ẹ̀yin ọmọ wa! Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré a máa ń fi í pamọ́ sí kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ayaba bá ti lọ, ọba tó bá jókòó sáàfin ń fi ọmọ ogun kan ṣòfò. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ: ìdí ọpọ́n.

Mo fẹ́ fi eré tó ta pẹ̀lú Marshall lọ́dún 1918 hàn yín tẹ̀ lé e, níbi tí Marshall ti ju pawn kan sílẹ̀ nínú Ruy Lopez, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ eré mìíràn, kó lè kọlù ú, tí Capablanca gba pawn náà, tó gba ọfà gbogbo, tó sì borí ní ìgbésẹ̀ 36. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ti ń nà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tipẹ́. Ẹ jẹ́ kó béèrè.

Ìbéèrè: "Ẹ ṣeun sà. Bó bá jẹ́ pé ìparí eré ló fi jọba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ìparí eré rook ni Alekhine fi lé e kúrò lórí oyè, ní eré 34?"

Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ló sọ, n kò sì lè máa bá Marshall lọ mọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ ká dáhùn.

Buenos Aires ní Argentina ni Capablanca àti Alekhine, ọmọ Rọ́ṣíà, ti ta ìdíje oyè náà, láti 16 oṣù kẹsàn-án títí di 29 oṣù kọkànlá, 1927. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí nínú mẹ́fà ló ni oyè. Ṣáájú ìgbà yẹn, nínú eré méjìlá, Alekhine kò borí rẹ̀ rí: márùn-ún ló pàdánù, ọ̀mì méje. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kí èyí tètè yé, nítorí orúkọ ìlú wa ń sọ ọ́: Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Akọni tí gbogbo Ọ̀yọ́ ń sá fún, Ògúnlọlá ló gbé orí rẹ̀ wálé. Ẹni tó fẹ́ gbé orí akọni gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí akọni máa ń tẹ̀ sí. Alekhine jókòó ti àwọn eré Capablanca, ó yẹ̀ wọ́n wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé nígbà tí nǹkan bá dẹ̀ fún un, ó máa ń fi ojú dá a dípò kó kà á. Ó gba eré kìíní, tòun ti pé Capablanca ló mú funfun. Ní eré 27, Capablanca ti ní eré náà lápò, ó gbé ọba sí ibi tí kò yẹ, Alekhine fi ṣẹ́kì àṣetúnṣe gba ọ̀mì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ eré 34: Alekhine borí nínú mẹ́fà, Capablanca mẹ́ta, ọ̀mì 25.

Eré 34 yẹn wá ńkọ́? Alekhine ní pawn kan lé, ní ìlà a, ó dá wà ní ẹ̀gbẹ́. Ó fi rook tirẹ̀ sí ẹ̀yìn pawn náà. Rook Capablanca dúró síwájú rẹ̀ láti dí i. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀: bí pawn bá ṣe ń gbésẹ̀, ilẹ̀ rook tó wà lẹ́yìn ń fẹ̀ sí i, ilẹ̀ rook tó wà níwájú ń dín kù. Nígbà tí ti iwájú kò lè kúrò mọ́, ọba funfun rìn lọ sí òdìkejì pátákó lọ máa jẹun. Ìgbésẹ̀ 82. Capablanca kò padà wá sídìí pátákó lọ́jọ́ kejì. Ìwé ló fi ránṣẹ́ pé òun ti gbà.

Arákùnrin mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tartakower lọ́dún 1924 náà ni: ẹyọ ọ̀tá tó há àti ọba tó ń rìn. Alekhine kọ́ ìlù náà títí ó fi wá lù ú fún onílù. Ìbéèrè rẹ kò bi ọ̀rọ̀ mi wó. Ó fi ohun tí n kò sọ kún un ni. Ìmọ̀ ìdí ọpọ́n kì í ṣe oyè tí a ń jẹ títí kú. Ẹni tó dá a sílẹ̀ lè dẹwọ́, kí ẹlòmíràn gbà á. Mo gba èyí gbọ́ ju bí mo ṣe gbà á gbọ́ láàárọ̀ lọ.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Ìyókù, ní kíákíá. Òun àti Alekhine kò tún bá ara wọn ta ìdíje oyè mọ́ láé. Capablanca ló ti ṣe àdéhùn London lọ́dún 1922 pé ẹni tó bá fẹ́ gba oyè gbọ́dọ̀ kó ó kéré tán dọ́là 10,000 wá. Òfin tó fi dá ààbò bo ara rẹ̀ náà ló dúró sí ẹnu ọ̀nà nígbà tó fẹ́ wọlé padà. Lọ́dún 1936 ó gba ìdíje Moscow, ó sì bá Botvinnik, ọ̀dọ́ ọ̀gá chess ti Soviet, pín ipò kìíní ní Nottingham. Ó ti di ẹni ọdún 47 nígbà náà. AVRO 1938, ìdíje àwọn ọ̀gá ní Netherlands, kò dára fún un. Ó ṣubú nínú ẹgbẹ́ chess kan ní New York, ó kú ní 8 oṣù kẹta, 1942. Ní gbogbo ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà, eré pàtàkì tó pàdánù kò tó ogójì.

Ìyá kan béèrè ohun tí olùkọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ fi ọba dúdú sí e5, ọba funfun sí e1, rook funfun sí h1. Kí ọmọ náà pa á. Àṣìṣe tí ẹ óò kọ́kọ́ rí ni pé yóò máa fún un ní ṣẹ́kì, ṣẹ́kì, ṣẹ́kì. Ọba dúdú yóò sì máa rìn kiri láàárín pátákó. Ẹ sọ fún un pé kó fi rook ti ìlà kan pa mọ́ ọn, kó wá mú ọba tirẹ̀ wá títí àwọn ọba méjèèjì yóò fi kojú síra pẹ̀lú ojú kan láàárín, ìgbà yẹn ni kó fún un ní ṣẹ́kì láti ẹ̀gbẹ́. Ọba dúdú yóò sún sẹ́yìn ní ìlà kan. Àṣìṣe kejì: rook yóò sún mọ́ ọba dúdú jù, wọn yóò jẹ ẹ́. Kó sá jìnnà lórí ìlà kan náà. Àṣìṣe kẹta, nígbà tí ọba dúdú bá ti dé igun, ọmọ náà yóò dí gbogbo ojú mọ́ ọn láìfún un ní ṣẹ́kì, ọ̀mì nìyẹn. Ibi yòówù kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ lò ju ìgbésẹ̀ 16 lọ. Bí ọmọ yín bá lo 30 lọ́jọ́ Ajé, ẹ má bínú sí i. Ẹ tún un tò, kó tún un ta.