Máàkì Kì Í Ṣe Ti Ìlà, Ti Àgbẹ̀ Ni

Ẹ okun o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ áàpù sọ ní Kàbà ni mo kọ síbí yìí, nítorí àwọn tí kò ráyè wá ń bi mí léèrè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ra kajú káàkiri Ìjùmú àti Ìyàgbà. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe áàpù tí orúkọ àwọn àgbẹ̀ máa wà nínú rẹ̀, iye kílò tí kálukú kó wá, àti àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí wọ́n á máàkì bí wọ́n bá ti sanwó. Orúkọ 62. Mo fi orúkọ márùn-ún péré dán an wò, ó ṣiṣẹ́, mo gbé e fún wọn.

Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀gbọ́n sanwó fún ẹni kẹta, wọ́n máàkì rẹ̀, wọ́n fi ìka ti ojú fóònù sókè. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni orúkọ ìyá àgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún ní kọ́bọ̀. Máàkì ti wà níbẹ̀. “Mama, a ti sanwó yín.” Ìyá ní, “Ta lẹ san án fún? Ọwọ́ mi rèé.” Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, oje kajú ti sọ gbogbo ìka wọn di dúdú, kò sí owó níbẹ̀. Ojú tì mí. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló fẹ́ sọ ìyá àgbà di òpùrọ́ láàárín ọjà.

Ohun tó fà á rèé. Orúkọ àgbẹ̀ kan àti àpótí rẹ̀ ni ìlà kan. Ìlà bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni ojú fóònù gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà fóònù kì í ṣe ìlà 62. Ìwọ̀nba tó fi díẹ̀ ju èyí tójú rí lọ ló ń ṣe. Bí ìlà kan bá ti wọlé lókè, yóò gbé e lọ sísàlẹ̀, yóò kọ orúkọ ẹlòmíì sí i lára. Ọ̀pọ̀ fóònù ń tún ojú ara wọn yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí áàpù bá ń dá ìlà tuntun sílẹ̀ nígbàkigbà tí ìka bá gbéra, yóò máa háàngì. Láti 2008 tí Apple ti gbà kí àwọn ará ìta máa ṣe áàpù fún iPhone ni UITableView, ìyẹn ohun tó ń to ìlà sójú iPhone, ti ń ṣe báyìí. Irú rẹ̀ tí Android ń lò nígbà náà ni ListView, kí RecyclerView tó dé ní 2014.

Ẹ wo abọ́ níbi ìnáwó. Abọ́ 100 la yá, àlejò 400. Bí abọ́ ẹni tó jẹ ọbẹ̀ ilá bá dé ẹ̀yìn kánópì, tí wọn ò fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bu ẹ̀gúsí sí i fún ẹlòmíì, ẹni yẹn á bá ilá nínú ẹ̀gúsí rẹ̀. Máàkì ẹni kẹta ni ilá tí Mama bá.

Ọ̀pọ̀ wá rò pé kí a ṣáà ti fọ abọ́. Ibi ìfọbọ́ wà lórí iPhone lóòótọ́, prepareForReuse lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá padà sókè, ẹni kẹta á bá abọ́ tó mọ́ tónítóní, máàkì rẹ̀ á ti lọ, ẹ̀gbọ́n á sì sanwó fún un lẹ́ẹ̀kejì. Abọ́ kò lè rántí ohun tí àlejò béèrè. Inú àkọsílẹ̀ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí máàkì máa gbé: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, kílò rẹ̀, ó ti gbowó tàbí kò tíì gbà. Bí ìka bá tẹ àpótí, àkọsílẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yí padà. Bí ìlà bá sì fẹ́ yọ, ní onBindViewHolder lórí Android, ìyẹn ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sára ìlà, kí ó ka àkọsílẹ̀ ẹni tó kàn.

Ibi tí èmi ti ṣìnà gan-an ni pé mo kọ ọ́ pé bí ó bá ti gbowó, máàkì, mo sì dúró síbẹ̀. N kò sọ pé bí kò bá tíì gbà, yọ máàkì. Ìlà kan péré ni mo gbàgbé nínú kóòdù.

Lórí Android, ìṣòro kan tún wà tó ń jẹ owó. Bí kóòdù fúnra rẹ̀ bá yí CheckBox, ìyẹn àpótí máàkì, padà, listener rẹ̀, kóòdù tó ń dúró de ìgbà tí àpótí bá yí, á jí bí ẹni pé èèyàn ló tẹ̀ ẹ́, á sì lọ kọ irọ́ sínú àkọsílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ listener, ẹ yí àpótí padà, kí ẹ tó dá listener tuntun sí i. UISwitch, bọ́tìnì títàn àti pípa ti iPhone, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì fi ipò mọ ẹni. Bí a bá fi àgbẹ̀ tuntun sókè, ẹni kẹta di ẹni kẹrin, máàkì rẹ̀ á kù sọ́wọ́ ẹlòmíì. Orúkọ náà kò tó. Bọ́lá mẹ́ta ló wà nínú 62 yẹn. Nọ́ńbà tí kì í yí padà ni kí ẹ fún kálukú. Kílò tí a ń tẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìka ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí ẹni tó tẹ 4 nínú 47 lè ti ojú fóònù sókè kó tó tẹ 7.

Ọmọ kan bi mí bóyá a ò kúkú lè sọ pé kí fóònù má tún ìlà lò mọ́, ìyẹn setIsRecyclable. Mo ní rárá. Ìlà tó bá lọ ti lọ, tuntun tí kò mọ nǹkan kan ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ ti pàdánù máàkì, fóònù tún ń wọ́. Àwọn irinṣẹ́ áàpù bíi Compose àti Flutter tó dé lẹ́yìn náà kò yọ yín nínú èyí.

Mo tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Mama gbé kílò 31 wá. Àpótí wọn ṣófo. Ẹ̀gbọ́n ka owó lé wọn lọ́wọ́, Mama tún un kà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró, kí ìka ẹ̀gbọ́n tó kan àpótí.