Koríko Tó Pa Ìgbì Lẹ́nu Mọ́

TÓYÌN: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ará ilé, ará ẹ̀yìn odi. Èmi Tóyìn rèé l'Ábújá. Bọ̀dá Kúnlé wà ní Leeds, òtútù ò sì tíì jẹ́ kí wọ́n ṣí fìlà.

KÚNLÉ: Fi fìlà mi sílẹ̀ jàre. Ìwọ tó o lọ síbi ìgbéyàwó ní New Bussa, kí lojú ẹ rí lórí omi Kàǹjì?

TÓYÌN: Ha, Bọ̀dá! Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, ìgbì ń gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ń ta sí léèsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ télọ̀. Mo ti ń pe Jésù. Ni ọlọ́kọ̀ bá yà sẹ́yìn koríko kan tó léfòó lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹní. Burugu ni wọ́n ń pè é. Kí n tó ṣẹ́jú, omi ti pa rọ́rọ́ bí epo inú àwo.

KÚNLÉ: Burugu! Oúnjẹ màlúù ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wò ó, òkè omi ni agbára ìgbì pọ̀ sí. Bó o bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń dín kù. Òkè yẹn gan-an ni koríko ti pàdé ẹ̀, tó ń fi ewé àti gbòǹgbò fà á lápá. Tí gíga ìgbì bá sì dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù.

TÓYÌN: Abájọ! Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ tẹ́ burugu síwájú Àyétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, kí òkun yéé jẹ ìlú tí wọ́n tẹ̀dó lọ́dún 1947.

KÚNLÉ: Ìlàjẹ nìyá mi, ì bá dùn mọ́ mi. Àmọ́ ìgbì Kàǹjì kúrú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà ló dá a sílẹ̀. Ti òkun, àárín agbami ló ti ń bọ̀, ó gùn. Abẹ́ koríko ló máa gbà kọjá bíi pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Iyọ̀ ńkọ́? Omi iyọ̀ ń pa water hyacinth, ewéko mìíràn tó ń léfòó bíi burugu.

TÓYÌN: Èyí tó gba Àgbádárìgì wọlé lọ́dún 1984, tó ń dí odò pa?

KÚNLÉ: Òun náà. Inú ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti ń dá ìgbì tó ń họ etí omi, ibẹ̀ ni mo lè gbà kí wọ́n fi ewéko omi sí. Kí wọ́n sì fi ọparun sé e mọ́, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ dáadáa.

TÓYÌN: Ẹ dè é o! Nígbà tá à ń padà bọ̀, burugu yẹn náà ló wé mọ́ ẹ́ńjìnnì wa. Ọlọ́kọ̀ ń fi ọ̀bẹ gé e, ó ń ṣépè ní Hausa, èmi ń fi ike gbọ́n omi.