Èèyàn Mẹ́wàá àti Tábìlì Kan: Ìsìn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Júù ní Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí ẹ yàn fún mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ṣe ń sìn, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí: nínú òfin ìsìn yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí èèyàn kò lè dá nìkan ṣe.

Júù lè dá gbàdúrà ní yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àdúrà kan wà tí kò ṣeé kà àfi kí ẹni mẹ́wàá tó ti bàlágà pé. Kaddish tí wọ́n ń kà fún òkú wà lára wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó fẹ́ máa kà á lójoojúmọ́, àfi kó rí ẹni mẹ́sàn-án tó máa jí láàárọ̀ nítorí tirẹ̀. Láàárín àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn Júù tó ń pa òfin àtijọ́ mọ́ délẹ̀délẹ̀, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń kà mọ́ ẹni mẹ́wàá náà. Àwọn ẹ̀ka mìíràn ń ka obìnrin mọ́ ọn. Ti oúnjẹ tún wà ńbẹ̀. Ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ pàdé nínú ìkòkò kan náà. Ilé ìdáná wo ni yóò máa ya ìkòkò sọ́tọ̀ nítorí ọmọ kan ṣoṣo?

Tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ìsinmi dé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pa á mọ́ dáadáa kò ní wa mọ́tò, kò ní kọ̀wé, kò ní tan iná. Káàdì tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì pàápàá, iná mànàmáná ló ń lò, àwọn kan á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹlòmíràn yóò fi ṣí i. (Àwọn ará ìjọ Adventist láàárín wa mọ bó ṣe ń rí tí ìdánwò bá bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta.)

Ibi tí ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù lọ ni Yunifásítì Illinois, ní 1923. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, Edward Chauncey Baldwin, Kristẹni ni, Bíbélì ló ń kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀. Ó dùn ún pé àwọn ọmọ Júù inú kíláàsì rẹ̀ kò mọ ìwé àwọn baba wọn. Òun ló ń rọ àwọn Júù agbègbè náà pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Rábì (olùkọ́ ìsìn Júù) ọ̀dọ́ kan, Benjamin Frankel, gba iṣẹ́ náà, ó sì dá Hillel sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ní yunifásítì. B'nai B'rith, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn Júù, ló wá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ní 1922, A. Lawrence Lowell, ààrẹ Yunifásítì Harvard, ń wá ọ̀nà tí yóò fi dín iye Júù tó ń wọlé síbẹ̀ kù. Abram Sachar tó darí Hillel lẹ́yìn náà ló di ààrẹ àkọ́kọ́ Brandeis, yunifásítì tí àwọn Júù dá sílẹ̀, ní 1948. Ilé ìjọsìn mẹ́ta ni Brandeis kọ́, ti Júù, ti Kátólíìkì, ti Pùròtẹ́sítáǹtì, wọ́n sì tò wọ́n débi pé òjìji ọ̀kan kì í bo èkejì.

Ní 1969 ni Chabad, ẹgbẹ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kan, ṣí ilé tirẹ̀ nítòsí UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Rábì, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn ló ń gbé ilé náà, akẹ́kọ̀ọ́ yòówù tó bá wọlé di àlejò orí tábìlì. Ní Hillel, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè wà ní yàrá tirẹ̀ fún àdúrà, kí wọ́n tó kóra jọ jẹun. Lójú tèmi, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ dúró ju ìwàásù lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilé ẹ̀kọ́ ń gbà fún wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kan pe Yunifásítì Yale lẹ́jọ́ torí pé ó fi dandan mú wọn gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì tí tọkùnrin tobìnrin jọ ń gbé. Ní 2000, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Yale láre: kò sẹ́ni tó fipá mú wọn wá síbẹ̀.

Ìjà abẹ́lé wà pẹ̀lú. Hillel gbé ìlànà jáde ní 2010 lórí irú àlejò tí wọ́n lè pè wá sọ̀rọ̀ nípa Ísírẹ́lì. Ní 2013, àwọn Hillel ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore ní àwọn ò ní tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 2015, wọ́n jọ̀wọ́ orúkọ Hillel, wọ́n sì ń bá ìpàdé wọn lọ lábẹ́ orúkọ mìíràn.