Byomkesh Bakshi, Ẹni tí Ń Wá Òtítọ́ ní Calcutta

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà ni a ń lọ lónìí, sọ́dọ̀ Byomkesh Bakshi, akọni inú ìtàn àròsọ. Ọdún 1932 ni òǹkọ̀wé Sharadindu Bandyopadhyay bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Bẹ̀ngálì, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀.

Byomkesh kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Satyanweshi ló ń pe ara rẹ̀, ìyẹn ẹni tí ń wá òtítọ́, inú orúkọ yẹn gan-an ni mo sì ti rí adùn àwọn ìtàn náà.

Nínú ọ̀kan lára wọn, ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ lójú títì á ṣàdédé ṣubú lulẹ̀, á sì kú, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró ìbọn. Nígbà tí wọ́n bá yẹ òkú wò, abẹ́rẹ́ giramafóònù, ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin, ni wọ́n máa ń bá nínú ọkàn rẹ̀. Byomkesh, tí kì í fojú kékeré wo ìpolówó inú ìwé ìròyìn, ti rí ìkéde kan níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹ̀gún kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó wá dúró ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ó gbé ọwọ́ lé òpó iná kan. N kò ní sọ bó ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé abẹ́rẹ́, ìwé ìròyìn àti òpó iná, ohun tí gbogbo ará ìlú ń rí lójoojúmọ́ ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe kánjú dé orúkọ apànìyàn, ẹ fara balẹ̀ wo ìlú náà.

Àwọn ọ̀dọ́ lè gba ọ̀dọ̀ Feluda, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mìíràn nínú ìtàn Bẹ̀ngálì, tí òǹkọ̀wé Satyajit Ray bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1965. Darjeeling, ìlú orí òkè, ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wáyé.

Ní ti Byomkesh, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtàn tí Ajit, òǹkọ̀wé tí ń gbé nínú ilé àjùmọ̀gbé àwọn àpọ́n, ti gba àlejò kan sínú yàrá rẹ̀, láìmọ̀ pé orúkọ tí àlejò náà sọ fún òun kì í ṣe orúkọ rẹ̀.