Olúwa, La Ojú Wa
Bíbélì kíkà: Àwọn Ọba Kejì 6:8-23

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. A dúpẹ́ pé a jí, ojú wa sì ríran.

Àmọ́ ibo ni agbára ojú náà mọ? Òru ni àwọn ọmọ ogun Síríà dé Dótánì láti mú wòlíì Èlíṣà, tí wọ́n fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ogun yí ìlú ká. Ìránṣẹ́ Èlíṣà jí ní kùtùkùtù, ó bọ́ síta, jìnnìjìnnì bò ó. Ó figbe ta, ó ń bi ọ̀gá rẹ̀ pé kí ni àwọn ó ṣe. Ẹ má bú u. Kò parọ́, ogun wà níta lóòótọ́. Ibi tí ojú rẹ̀ dé ló sọ.

Ẹ wo àdúrà tí Èlíṣà gbà. Kò ní kí Ọlọ́run rán ogun ọ̀run wá. Ó ní kí Ó la ojú ọmọkùnrin náà. Ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ iná ti kún orí òkè, ojú ọmọ ni kò tó o. (Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù náà ṣáà rí áńgẹ́lì kí ẹni tó gùn ún tó rí i!)

Ara wa pàápàá ń jẹ́rìí. Ní 1668, Edme Mariotte, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, kọ ọ́ jáde pé ibì kan wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan tí kì í ríran rárá: ibi tí iṣan ojú gbà jáde lọ sínú ọpọlọ. Ẹ di ojú kan wò, ẹ kò ní rí àlàfo kankan, torí ọpọlọ ti fi ohun tó jọ àyíká rẹ̀ dí i fún yín. Etí ńkọ́? Ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ènìyàn kì í gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ àdán ń fi mọ̀nà lóru lókè òrùlé wa.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn yìí la sábà máa ń fò. Èlíṣà gbàdúrà, ojú àwọn ará Síríà náà ṣú, ó sì kó wọn wọ Samáríà, olú ìlú Ísírẹ́lì, kí ojú wọn tó là. Ọba Ísírẹ́lì ń béèrè bóyá kí òun pa wọ́n. Wòlíì ní kó fún wọn ní oúnjẹ àti omi. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n padà sílé. Àwa tí àdúrà òwúrọ̀ wa kò ju "kí ọ̀tá kú" lọ, kí la fẹ́ fi ẹsẹ yẹn ṣe? Ta ló tilẹ̀ sọ pé a ti rí ẹni tí à ń pè lọ́tàá yẹn tán?

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, mo dúpẹ́ fún ojú tó ríran àti etí tó gbọ́ràn láàárọ̀ yìí.

Dárí jì mí níbi tí mo ti fi ìwọ̀nba tí mo rí dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Ààbò tí O ti fi yí ilé mi ká kí n tó jí, jẹ́ kó dá mi lójú, bí n kò tilẹ̀ fojú rí i.

Ẹni tí èsì àyẹ̀wò dókítà ń dẹ́rù bà lónìí, Olúwa, dúró tì í.

Ẹni tó dojú ìjà kọ mí, la ojú tirẹ̀ náà. Bó bá sì bọ́ sí mi lọ́wọ́, fún mi ní oúnjẹ tí n ó gbé síwájú rẹ̀.

Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.