Ìyá Elélùbọ́ Tí Wọ́n Lù Ní Jìbìtì Ní Akẹ́sán

Àsàláámù àláékùm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànọ́bì wa. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyìn lónìí, inú mi bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá ní Akẹ́sán, mo bá ìyá kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti oko kan lọ́nà Ìsẹ́yìn ló ti gbé èlùbọ́ wá sí Ọ̀yọ́. Ó tà á tán, ó di ₦46,000 mọ́ ìdí ìró. Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun kí i ní sàlámà, ó pè é ní Ìyá Àlájà. Ẹnìkejì rẹ̀ díbọ́n pé òun he owó, ó ní kí àwọn mẹ́ta pín in, àmọ́ kí ìyá kọ́kọ́ kó tirẹ̀ sínú ọ̀rá kan náà, kí olówó má baà fura sí wọn. Nígbà tí ìyá tú ọ̀rá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lójú mi, ẹgbẹ̀rún kan náírà ló wà lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé tí wọ́n gé ló wà láàrin. Mo rí ìlà pupa lára rẹ̀.

Lóòótọ́, owó he kì í ṣe owó pínpín. Ọdún kan gbáko ni Ànọ́bì ní ká fi kéde rẹ̀. A ti bá ìyá sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó dùn mí jù ni ontajà tó ń rẹ́rìn-ín: "Ará oko! Ṣebí ojúkòkòrò ni." Ó mọ ojú àwọn gbájúẹ̀ náà, ó sì panu mọ́.

Ẹ gbọ́, ènìyàn Ànọ́bì. Ánásì, ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì, ló gba ọ̀rọ̀ yìí wá. Ará oko kan wà tó ń jẹ́ Sáhírù. Kò lẹ́wà lójú. Bó bá ń bọ̀ ní Mọ̀dínà, á gbé ẹ̀bùn oko wá fún Ànọ́bì. Bó bá ń lọ, Ànọ́bì á di ẹrù fún un. Lọ́jọ́ kan, ó ń tajà lọ́wọ́, Ànọ́bì yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó gbá a mọ́ra. Sáhírù ní: "Ta nìyí? Fi mí sílẹ̀!" Nígbà tó mọ̀ pé Ànọ́bì ni, kò fẹ́ kúrò mọ́, ńṣe ló ń fi ẹ̀yìn ti àyà Ànọ́bì. Ànọ́bì ní: "Ta ni yóò ra ẹrú yìí?" Ó ní: "Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ọjà tí kò tà ni mo jẹ́ o." Ànọ́bì ní: "Lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọjà iyebíye ni ọ́." Òun náà ló máa ń sọ pé: "Sáhírù ni oko wa, àwa sì ni ìlú rẹ̀."

Àwa ni ìlú ìyá yìí! Irú ìlú wo la jẹ́ fún un?

Ìwọ tó fi sàlámà ṣe ìdẹ, orúkọ Ọlọ́hun lo fi jalè. Kò sí gàgá láàrin àdúà ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí àti Ọlọ́hun, ìyá náà sì ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lójú mi. Dá owó rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú bá ọ. Ìwọ tó rí wọn tí o dákẹ́, lọ́la, pariwo, kódà bí wọ́n bá máa bú ọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní, àwo kan á wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ohun tí a bá rí, àwọn ọ̀dọ́ wa méjì ló máa gbé e fún ìyá, wọ́n á sì dúró tì í títí ọkọ̀ á fi gbéra.