"Èmi Ni Mo Ni Ayé Mi": Ibi Tí A Ti Máa Ń Ṣì Í Gbọ́

Ẹ dúró ná o. Kí ẹ tó pe ẹni tó ní "èmi ni mo ni ayé mi" ní anìkànjọpọ́n, ẹ fara balẹ̀. Ìlànà pé olúkúlùkù ló ni ayé ara rẹ̀ (individualism lédè Gẹ̀ẹ́sì) yàtọ̀ sí ìmọtara-ẹni-nìkan. Ibí gan-an la ti máa ń ṣì í gbọ́!

Lọ́dún 1840, Tocqueville, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ní ìmọtara-ẹni-nìkan ti wà látìgbà ìwáṣẹ̀. Àmọ́ kéèyàn yẹra fún àwùjọ, kó gbájú mọ́ ilé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìjọba tiwantiwa ló bí ìyẹn. Ẹ̀rù sì ń bà á pé èkejì lè padà di èkíní. Lọ́dún 1898, Durkheim, onímọ̀ nípa àwùjọ tóun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ pé ìlànà yìí kò gbé "èmi" ga, èèyàn ló gbé ga. Bí mo bá ní ẹ má tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ torí pé èèyàn ni mí, ẹnìkejì mi náà ńkọ́? ÈÈYÀN LÒUN NÁÀ! Ẹni tó bá yọ ìyẹn kúrò, ojúkòkòrò ló kù sí i lọ́wọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin kọ iṣẹ́ tí ẹbí yàn fún un. Èmi ni mo ṣáájú àwọn tó ń bú u. Nígbà tí màmá wa dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló jókòó tì wọ́n lóru. Mo ṣì ń rí i bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí, tó ń fi ètè kàn án wò, kó tó gbé e sí wọn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó rán an.

Àmọ́ mi ò tíì dá ìlànà náà láre tán. Ó sọ pé gbèsè tí mo fọwọ́ ara mi gbà nìkan ni mo jẹ. Ó dáa. Ta ló buwọ́ lu ìwé àdéhùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀? Wọ́n ti pọ̀n wá ká tó mọ bẹ́ẹ̀ni yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀kọ́! Èdè tá a fi ń sọ pé "ẹ fi mí sílẹ̀" gan-an, lẹ́nu ẹlòmíì la ti kọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Abala 29 nínú Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948: olúkúlùkù ní ojúṣe sí àwùjọ, torí inú rẹ̀ nìkan ló ti lè dàgbà di ara rẹ̀ ní kíkún.

Gbèsè wà, ó dájú. Ta ni yóò wá ka iye rẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹbí nìkan, kò ní tán láé. Bó bá jẹ́ èmi nìkan, màá ní mo ti san án tán lánàá. Àbúrò mi ò ṣe iṣẹ́ yẹn títí dòní. Màmá ò sì béèrè mọ́.